Èéfín Tí Kò Jẹ́rìí: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ Lórí Epo Rọ̀bì àti Afẹ́fẹ́ Gáàsì Nínú Òwe àti Ìwé Wa

Àṣamọ̀

Àwọn Yorùbá gbà pé èéfín kò ṣe é bò mọ́lẹ̀. Orí ìgbàgbọ́ yìí ni púpọ̀ nínú òwe àti àfiwé wa tó jẹ mọ́ iná dúró lé. Iṣẹ́ yìí gbé ìgbàgbọ́ náà yẹ̀ wò lójú ohun tí a mọ̀ lónìí nípa èédú ilẹ̀, epo rọ̀bì àti afẹ́fẹ́ gáàsì, àwọn ohun ìdáná tí èyí tó léwu jù nínú èéfín wọn kò ṣe é fojú rí. Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara ni a ti dúró wo ọ̀rọ̀ náà, a sì fi ìrírí àwọn Ìlàjẹ ní etí òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe àfiwé. Òwe mẹ́rin ni a tú wò, a sì wo àwọn ìwé mélòó kan ní èdè Yorùbá àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èrò wa ni pé nígbà tí èéfín kò bá jẹ́rìí ara rẹ̀ mọ́, lítíréṣọ̀ àti olùkọ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́rìí dípò rẹ̀.

Ìfáárà

Nígbà tí igi ni gbogbo ilé fi ń dáná, èéfín jẹ́ oníròyìn. Òun ni ó ń sọ fún aládùúgbò pé oúnjẹ ti wà lórí iná, òun ni ó sì ń fi ibi tí ọdẹ wà nínú igbó han ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé nígbà tí àwọn àgbà ń wá ohun tí wọn yóò fi wé ìwà ọmọ ènìyàn, èéfín ni wọ́n mú. Wọ́n ní èéfín ni ìwà. Bí a ti wù kí a bò ó mọ́lẹ̀ tó, yóò rú jáde.

Èéfín tó ti inú ilẹ̀ wá kì í ṣe àjèjì ní Ọ̀fà. Ojú irin tó ti Èkó wá gba Òṣogbo àti Ọ̀fà kọjá kí ó tó dé Ìlọrin ní nǹkan bí 1908. Ní 1909 ni a rí èédú ilẹ̀ ní agbègbè Ẹnúgu, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915, tí rélùwéè sì ń lò ó. Èéfín ọkọ̀ ni ẹni tó dúró ní ìdíkọ̀ máa ń rí kí ó tó rí ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Èéfín èédú ilẹ̀ burú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó bá òwe àwọn àgbà mu: ó dúdú, ó ń rú, kò sì sí ẹni tó lè sẹ́ ẹ.

Láti ìgbà náà ni ohun ìdáná ti yí padà. Epo dísù gba ipò èédú nínú ọkọ̀ ojú irin, epo òyìnbó wọ inú àtùpà àti sítóòfù, epo bẹntiróòlù wọ inú ọkọ̀ àti ẹ̀rọ amúnáwá, gáàsì sì wọ ilé ìdáná. Ìpínlẹ̀ Kwara kò jìnnà sí agbára omi: ìsédò Jẹ́bbà lórí Odò Ọya, tó ti ń pèsè iná láti 1985, wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Síbẹ̀, nítorí pé iná ìjọba kì í dúró, ẹ̀rọ amúnáwá ni ó ń dún lẹ́yìn ilé ìtajà ní ọjà Owódé àti ní àwọn ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Pólì ti Ìjọba Àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1992, ń gbé. Ìbéèrè wa ni èyí: ṣé àwọn òwe tí a fi èéfín igi pa lè bá wa sọ̀rọ̀ nípa èéfín yìí? Bí wọn kò bá lè ṣe é, kí ni iṣẹ́ olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ ní òwe náà?

Ọgbọ́n Lámèyítọ́ tí a lò

Lámèyítọ́ tó ń wo àjọṣe lítíréṣọ̀ àti àyíká ni a lò. William Rueckert ni ó kọ́kọ́ fún un ní orúkọ ní 1978. Ìwé tí Cheryll Glotfelty àti Harold Fromm ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1996 ni ó sì sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ káàkiri yunifásítì. Ọ̀nà yìí kò béèrè bóyá iṣẹ́ ọnà yin igi àti odò nìkan. Ó ń béèrè irú ojú tí iṣẹ́ náà fi ń wo ayé tó yí ènìyàn ká, ohun tó jẹ́ kí a rí àti ohun tó fi pamọ́.

Èrò méjì mìíràn wúlò fún wa. Amitav Ghosh, òǹkọ̀wé ọmọ Íńdíà, béèrè ní 1992 ìdí tí epo rọ̀bì, tó yí ayé padà tó bẹ́ẹ̀, kò fi bí lítíréṣọ̀ tó tó ìwọ̀n rẹ̀. Rob Nixon, nínú ìwé rẹ̀ ti 2011, ṣàlàyé irú ìwà ipá kan tí ó lọ́ra: kò ní ìbọn, kò ní ariwo, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń pa, àwọn òtòṣì ni ó sì ń pa jù. Irú ìwà ipá bẹ́ẹ̀ ṣòro láti fi ìtàn sọ, nítorí kò sí ọjọ́ kan pàtó tí a lè nàka sí pé ọjọ́ náà ni ó ṣẹlẹ̀.

Ìdí tí a fi bẹ̀rẹ̀ láti orí òwe ni pé òwe ni lítíréṣọ̀ tí gbogbo ènìyàn ní. Ọlátúndé Ọlátúnjí, nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti 1984 lórí ewì alohùn Yorùbá, ka òwe mọ́ oríkì, ẹsẹ Ifá, ọfọ̀ àti àlọ́ àpamọ̀. Ẹni tí kò ka ìwé rí yóò pa òwe. Bí òwe bá ṣe kọ́ ojú wa láti rí nǹkan ni a óò ṣe rí i.

Òwe kìíní: Èéfín ni ìwà

Bí a bá tú òwe yìí palẹ̀, a óò rí i pé nǹkan mẹ́ta ni ó gbà nípa èéfín láìsọ ọ́. Èkínní, èéfín a máa gòkè. Èkejì, èéfín a máa hàn sójú, a sì máa ta sí imú. Ẹ̀kẹta, èéfín a máa tọ́ka sí ibi tí iná wà. Àwọn nǹkan mẹ́ta yìí ni ó sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí òtítọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ẹ̀rọ amúnáwá sí ẹ̀gbẹ́ òwe náà. Nígbà tí epo bẹntiróòlù bá ń jó, tí atẹ́gùn kò tó o, ó máa ń tú afẹ́fẹ́ kan tí a ń pè ní carbon monoxide jáde. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní adùn. Bí ènìyàn bá fà á símú, yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ, yóò sì gba ipò ọ́síjìn nínú ara. Orí yóò kọ́kọ́ máa fọ́ ẹni náà, yóò rẹ̀ ẹ́, oorun yóò sì kùn ún. Bí ó bá sùn sínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa, tí ẹ̀rọ sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lábẹ́ fèrèsé, ó lè má jí mọ́. Kò sí ọdún tí a kì í gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí: tọkọtaya àti ọmọ wọn, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá kan náà, tí a bá ní òwúrọ̀ lórí ibùsùn wọn.

Èéfín yìí kò hàn, kò ta sí imú, kò sì tọ́ka sí ara rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n tó bá gbára lé òwe nìkan yóò ní, "N kò gbóòórùn èéfín, nítorí náà kò sí ewu." Ibi tí òwe ti di ewu nìyẹn. A kò sọ pé òwe náà purọ́ nípa ìwà. Ohun tí ó sọ nípa ìwà ṣì dúró gbọn-in. Ohun tí a ń sọ ni pé ìpìlẹ̀ àfiwé náà ti yẹ̀, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ó ti yẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nípa afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí gbogbo ohun ìdáná inú ilẹ̀ ń tú jáde. Kò tó nǹkan bí 280 nínú mílíọ̀nù kan nínú afẹ́fẹ́ ayé kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó gbilẹ̀ ní Yúróòpù. Lónìí ó ti lé ní 420. Òun ni ó ń mú kí ooru ayé pọ̀ sí i, tí òkun sì ń ga. Kò sí ojú tó rí i rí. Òjò tó kọ̀ láti bọ̀ ní àsìkò fún àgbẹ̀ ọ̀dùnkún ní agbègbè Ọ̀fà lè jẹ́ ara àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n àmì náà kò tọ́ka sí ẹni tó dáná.

Òwe kejì: A kì í fi iná sórí òrùlé sùn

Bí epo rọ̀bì bá ń jáde láti inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ gáàsì máa ń bá a jáde. Láti ìgbà tí a ti rí epo ní Oloibiri ní 1956, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á sí òkè òkun ní 1958, ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń sun gáàsì náà dànù nítorí pé owó tí yóò ná wọn láti gbà á jọ pọ̀ ju èyí tí wọ́n fẹ́ ná lọ. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1979 sọ pé kí sísun dànù náà dópin ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1984, àyàfi bí mínísítà bá yọ̀ǹda. Ọjọ́ náà kọjá, iná kò kú. Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá 2005, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Benin dá Jonah Gbemre láre fún àwọn ará Iwherekan ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ó ní sísun gáàsì dànù lòdì sí ẹ̀tọ́ wọn láti wà láàyè àti láti ní iyì. Lẹ́yìn ìdájọ́ náà, iná ṣì ń jó. Iye tí a ń sun dànù ti dín kù púpọ̀ sí ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, ṣùgbọ́n kò tíì tán.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí yóò rò pé òwe wa bá a mu régí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo gírámà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ "a" ni ó ṣe olùwà fún ìṣe méjèèjì: ẹni tó fi iná sórí òrùlé náà ni ó ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Òwe náà gbà pé òmùgọ̀ nìkan ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni iná yóò jó. Kò ro ti ẹni tí yóò fi iná sórí òrùlé ẹlòmíràn, tí yóò sì lọ sùn ní ìlú mìíràn. Nínú ọ̀rọ̀ epo, ẹni tó fi iná sí i kò sùn níbẹ̀. Ẹni tó ń sùn níbẹ̀ kọ́ ni ó fi iná sí i. "A" ti pín sí "wọn" àti "wa", òwe náà kò sì ní àyè fún ìpín yìí.

Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ibòmíràn ni èyí. Àwọn Ìlàjẹ, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Yorùbá, ń gbé lórí epo. Ní 2020 ni kànga kan tí wọ́n ń pè ní Ororo-1 gbiná lójú omi Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò jìnnà sí Awoye. Ọdún gorí ọdún, iná náà ṣì ń jó lórí omi.

Òwe kẹta: Epo ni mo rù, oníyangí má ba tèmi jẹ́

Nínú òwe yìí, epo pupa ni epo. Ó jẹ́ ohun mímọ́ tí ó níyelórí. Yangí ni ó lè bà á jẹ́. Ẹni tó ru epo ni aláìlágbára, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí a má ṣe fi eruku pa òun lára. Gbogbo àánú olùgbọ́ wà lọ́dọ̀ elépo.

Epo rọ̀bì ti yí ipò àwọn ẹ̀dá inú òwe yìí padà. Ní Ìlàjẹ, ẹja ni àwọn ènìyàn ń rù, epo sì ni ó ń bà á jẹ́. Elépo ni alágbára, ẹlẹ́ja ni ó ń bẹ̀bẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 1998, àwọn ará Ìlàjẹ tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ dúró sórí ibùdó ìwapo Parabe ti ilé iṣẹ́ Chevron nínú òkun. Wọ́n ń béèrè iṣẹ́, wọ́n sì ń béèrè àtúnṣe fún omi àti ilẹ̀ wọn tó bàjẹ́. Ní ọjọ́ 28, ọkọ̀ òfuurufú gbé sójà wá, ènìyàn méjì sì kú. Àwọn ará Ìlàjẹ gbé ẹjọ́ náà lọ sí San Francisco ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejìlá 2008, àwọn adájọ́ aráàlú níbẹ̀ dá Chevron láre. Ohun yòówù tí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà bá sọ nípa ẹ̀bi, lámèyítọ́ lè sọ èyí: ẹni tí òwe wa kọ́ wa láti káàánú kọ́ ni ó ń sunkún mọ́. Bí olùkọ́ bá fẹ́ kí òwe náà wà láàyè, kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tún un pa: "Ẹja ni mo rù, elépo má ba tèmi jẹ́." Ọmọ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti kọ́ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: bí a ṣe ń hun òwe, àti bí ayé ṣe ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà.

Òwe kẹrin: Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i

Òwe ìtùnú ni èyí, ó sì dára fún ẹni tí àdánù bá. Ṣùgbọ́n òun náà ni a máa ń gbọ́, ní oríṣiríṣi ọ̀nà, lẹ́nu àwọn tó ń sọ pé ìbàjẹ́ tí epo ṣe kò já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdàgbàsókè tí yóò mú wá. Nítorí náà ó yẹ kí a bi òwe náà ní ìbéèrè méjì.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ilé ta ni? Ilé ọba ni, kì í ṣe ilé tálákà. Ilé ọba a máa lẹ́wà lẹ́yìn tí ó jó nítorí pé gbogbo ìlú ni yóò jáde láti tún un kọ́. Èkejì: òógùn ta ni ẹwà náà? Òógùn àwọn ará ìlú ni. Òwe náà mọ èyí, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́.

Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí a tẹ̀ dó ní 1947, ń bọ́ sínú òkun lójú ayé. Òkun tó ń ga nítorí ooru ayé wà lára ohun tó fà á, àwọn ará ibẹ̀ sì ń mẹ́nu ba àwọn odò àtọwọ́dá tí a gbẹ́ fún iṣẹ́ epo ní etíkun wọn. Ilé, ọjà àti ibojì ti lọ. Ilé wọ̀nyí kì í ṣe ilé ọba, ìlú kankan kò sì jáde láti tún wọn kọ́. Níbí, ẹwà kò bù sí i.

Orúkọ tí a fún ohun ìdáná

Orúkọ pàápàá jẹ́ ìdájọ́. "Ẹ̀rọ amúnáwá" ń sọ ohun tí ẹ̀rọ náà mú wá fún onílé. Kò sọ ohun tó mú wá fún aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó sì bá òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá mu, nítorí náà kò sí ẹni tó fẹ́ pa á tì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń fi mọ́fíìmù "a-" ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ lè béèrè pé, "Kí ni ó tún mú wá yàtọ̀ sí iná?" Ìbéèrè gírámà ni, ìbéèrè ayé sì ni.

Ọ̀rọ̀ náà "gáàsì" ń da nǹkan méjì pọ̀. Gáàsì inú sílíńdà tí a fi ń dáná ní Ọ̀fà jẹ́ propane àti butane. Gáàsì tí a ń fa gba inú páìpù lọ sí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, bí irú èyí tó wà ní Ẹ̀gbin nítòsí Ìkòròdú, jẹ́ methane ní púpọ̀ jù. Òun náà ni ó ń gba Itoki ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lọ sí Kútọnu, Lomé àti ilẹ̀ Gánà. Methane tó bá jò láìjó máa ń mú ooru ayé le ju carbon dioxide lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rin láàárín ogún ọdún. Ẹni tó bá ń pe méjèèjì ní "gáàsì" lásán yóò ṣòro fún láti mọ èyí tí a ń yìn àti èyí tí a ń bá wí.

Àwọn ìwé tí a kọ

Bí a bá wo àwọn ìtàn-àròsọ tí ó ti di àyànlé nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, ilẹ̀ pọ̀ nínú wọn. Igbó ni Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938) kalẹ̀ sí. Adébáyọ̀ Fálétí, nínú Ọmọ Olókùn Ẹṣin (1969), sọ ìtàn àwọn ènìyàn tó wà lábẹ́ Olúmokò àti ọ̀dọ́ tó dìde lòdì sí ìsìnrú. Ìwé Fálétí kò sọ̀rọ̀ epo rárá, síbẹ̀ kò sí ìwé Yorùbá tó yẹ kí a kà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Parabe tó o. Ìbéèrè kan náà ni ó wà nínú méjèèjì: ta ni ó ń ṣiṣẹ́, ta ni ó ń jẹ èrè rẹ̀, kí ni ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó bá kọ̀?

Níyì Ọ̀súndáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì, kọ The Eye of the Earth ní 1986. Igbó, àpáta àti òjò ni ó fi ṣe igi ẹ̀yìn ọgbà fún ewì rẹ̀. Agbára ìwé náà ni pé ó sọ ilẹ̀ di ẹ̀dá tó ní ojú, tó ń wo ohun tí a ń ṣe sí i. Àlẹ̀bù tí a lè kà sí i fún iṣẹ́ wa ni pé ojú ilẹ̀ ni ó ń wò jù. Ohun tó wà nínú ilẹ̀, tí a ń fà jáde láti sun, kò gba àyè tó bẹ́ẹ̀.

Yellow-Yellow tí Kaine Agary kọ ní 2006 ni ó súnmọ́ epo jù nínú àwọn ìwé tí a wò. Ọmọbìnrin Ìjọ̀ kan, Zilayefa, ni olú ẹ̀dá ìtàn. Epo tó ya láti inú páìpù ni ó ba oko ìyá rẹ̀ jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ náà sì lọ sí Port Harcourt láti wá ayé. Lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ náà, epo fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá nínú ìtàn. Òǹkàwé kan lè ní àlẹ̀bù ni èyí. Èrò tiwa yàtọ̀. Pípòórá náà ni ọgbọ́n ìwé yìí: epo kò tún hàn mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìpinnu tí ọmọ náà ń ṣe, ọ̀rẹ́ tó ń yàn, àgbà ọkùnrin tó gbára lé, ti inú oko tó bàjẹ́ náà wá. Òǹkọ̀wé ti fi èéfín tí kò ṣe é rí hàn wá. Ohun tí Nixon pè ní ìwà ipá tó lọ́ra nìyẹn, tí a gbé wọ inú ìgbésí ayé ẹnì kan ṣoṣo.

Ìwé yìí gba Ẹ̀bùn Lítíréṣọ̀ ti Nàìjíríà ní 2008. Ilé iṣẹ́ Nigeria LNG, tó ń sọ gáàsì di olómi ní Bonny láti tà á sí òkè òkun, ni ó ń fúnni ní ẹ̀bùn náà láti 2004. Àwọn kan lè ní ẹni tó ń ta gáàsì kò yẹ ní ẹni tó ń yin ìwé. A kò fara mọ́ kí a fi ẹ̀bùn ṣe ìdájọ́ ìwé. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ni kí a fi dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ìwé gba ẹ̀bùn, kí ó sọ ẹni tó fún un pẹ̀lú. Orísun owó wà lára ìtàn lítíréṣọ̀.

Àtakò àti èsì

Àtakò méjì ni a lè gbọ́. Èkínní ni pé òwe kì í ṣe ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, àfiwé lásán ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí olùgbọ́ mọ̀ ni àfiwé fi ń jẹ́ àfiwé. Bí ọmọ kò bá ti rí ọ̀ràn èéfín igi rí, tó sì jẹ́ pé carbon monoxide ni èéfín tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ lójoojúmọ́, òwe náà yóò kọ́ ọ ní ohun tí àwọn àgbà kò fẹ́ kọ́ ọ.

Èkejì wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lè ní ohun ìdáná tuntun ni ó yọ àwọn ìyá wa kúrò nínú èéfín igi. Òótọ́ ni èyí náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí èéfín ìdáná inú ilé pa káàkiri ayé ní 2020 tó mílíọ̀nù 3.2. Obìnrin tó fi sílíńdà gáàsì rọ́pò igi ti ṣe ẹ̀dọ̀fóró ara rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ lóore. Tibi-tire ni a dá ilé ayé. A kò pe ẹnikẹ́ni padà sí ìdí ààrò. Ohun tí a ń béèrè ni kí ọ̀rọ̀ wa mọ ìyàtọ̀ láàárín gáàsì tó ń se ọbẹ̀, gáàsì tí a ń sun dànù lókè òrùlé ẹlòmíràn, àti afẹ́fẹ́ tó ń pa ènìyàn lójú oorun.

Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé òwe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a yẹ̀ wò gbára lé ayé kan níbi tí èéfín ti ń hàn, tí ẹni tó dáná ti ń gbé nítòsí iná rẹ̀, tí epo ti mọ́, tí gbogbo ìlú sì ń tún ohun tó jó kọ́. Èédú ilẹ̀, epo rọ̀bì àti afẹ́fẹ́ gáàsì ti tú àwọn okùn mẹ́rin yìí. Èyí kò sọ òwe di aláìwúlò. Ó sọ ọ́ di ohun èlò tí a fi lè wọn bí ayé ti yí tó.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí olùkọ́ tó ń kọ́ni ní òwe lórí iná àti èéfín máa sọ ìpìlẹ̀ òwe náà pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, kí ó sì béèrè bóyá ìpìlẹ̀ náà ṣì dúró. A dá a lábàá pẹ̀lú pé kí àwọn olùwádìí wa máa lọ gba ọ̀rọ̀ ẹnu, orin àti ìtàn àwọn Ìlàjẹ sílẹ̀ kí òkun tó gbé àwọn tó mọ̀ ọ́n kúrò níbùjókòó wọn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Lónìí, hẹ̀rẹ̀-huru náà ti di ìró ẹ̀rọ lẹ́yìn fèrèsé, kòkòrò náà sì ti di afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí. Ẹni tó mọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ sọ, nítorí èéfín yìí kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.